Sí Olóòtú: Orin Kérésì pọ̀ láyé, àwa tá à ń fun túbà ńkọ́?

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìmúra ọdún. Ìwé ìròyìn yín kì í wọ́n nílé wa, èmi àti ìyàwó mi la jọ ń jà sí i, àfi tó bá ka ojú ewé ọ̀rọ̀ lọ́kọláya tán ni mo tó ń rí i gbà. Gbogbo ìgbà lẹ máa ń kọ nípa olórin fújì, olórin jùjú, àwọn tó ń kọ gospel, ìyẹn dáa, mi ò ní kẹ́ ẹ má kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n bá yín sọ̀rọ̀ àwọn tó jókòó sẹ́yìn pátápátá nínú báńdì ìjọ, àwa tá à ń fun fèrè ńláńlá, tróńbóònù, euphonium tó dà bíi túbà kékeré, àti túbà, torí Kérésì ti ń bọ̀, kò sí ìjọ tí kò ní ṣe kárọ̀lù l'Èkìtì, àwa ò sì rí ìwé orin tó bá ohùn wa mu rà níbì kankan.

Ẹni tí kò mọ bí báńdì ṣe ń rí nínú oṣù Disẹ́ńbà á bi wá pé ṣé ẹ ò ní trọ́ńpẹ́ẹ̀tì ni. A ní o, a ní wọn dáadáa. Ṣùgbọ́n Disẹ́ńbà l'Èkìtì kì í ṣe oṣù kékeré, àwọn ọmọ wa tó wà l'Ékòó, l'Ábújá, àwọn tó wà lókè òkun pàápàá, gbogbo wọn ló ń wálé ọdún, òkú tí wọ́n ti tọ́jú látọjọ́ yìí ìgbà yẹn ni wọ́n ń sin ín, ìwúyè ń bẹ, ìgbéyàwó ń bẹ, wọ́n ń ṣílé tuntun, ibi tí wọ́n bá sì ti ń ṣe gbogbo ìyẹn wọ́n á fẹ́ báńdì. Trọ́ńpẹ́ẹ̀tì ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá. Ó fúyẹ́, ó ń dún ketekete, ọmọ tó ń fun ún lè há a mọ́ abíyá kó gun ọ̀kadà láti Ìjerò dé Ìdó, kó débẹ̀ kí wọ́n máa lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí. Túbà ńkọ́? Ọlọ́kadà á wo ẹ, á wo túbà, á ní owó èèyàn méjì lo máa san. Báyìí làwọn ọmọ trọ́ńpẹ́ẹ̀tì wa ṣe ń tú ká bí oṣù yẹn bá ti wọlé, àwa àgbà tó kù nílé wá di tróńbóònù méjì, euphonium kan, túbà kan, akọ̀wé ìjọ sì ti tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ètò pé báńdì á lu orin Kérésì mẹ́fà, ó ti pín in kiri.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ò le. Ìwé orin Kérésì tó yẹ irú wa ò sí lọ́jà, ó wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa níbí, àwọn ọ̀gá akọrin àti ọ̀gá báńdì tó ti kọ ọ́ fúnra wọn tí wọ́n sì kó o sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kí wọ́n gbé e síta, kí ẹ̀yin náà bá wa tẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ìdí.

Bó o bá wọ ṣọ́ọ̀bù ìwé l'Ádó, tó o ní ìwé orin Kérésì lò ń wá, oníṣọ́ọ̀bù á kó ìwé orin mímọ́ wá, á kó ti píánò wá, bóyá á tún rí ti recorder táwọn ọmọ pírámárì ń lò. Ní kó o wá ní ti tróńbóònù lo fẹ́, á bi ẹ́ pé èwo nìyẹn, o ó wá máa fọwọ́ júwe bí wọ́n ṣe ń fà á jáde tí wọ́n ń tì í wọlé, àwọn tó wá ra bírò á máa wò ẹ́ tìfura-tìfura. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló kù. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, mi ò ní purọ́, àwọn ará Amẹ́ríkà ní èyí tí wọ́n ń pè ní trombone quartet, tróńbóònù mẹ́rin nìyẹn, wọ́n tún ní tuba-euphonium quartet, euphonium méjì túbà méjì. Ẹni tó ní báńdì tó pé á rí tiẹ̀, ẹni tó ní irú fèrè kan náà mẹ́rin á rí tiẹ̀, àwa tá a jẹ́ àdàlù yìí ni wọn ò rántí. Dọ́là sì ni wọ́n ń tà á, káàdì báńkì mi kì í gbà, tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan bá sì bá mi fi tiẹ̀ san án, wọ́n á kọ ọ́ sísàlẹ̀ ojú ewé pé ẹ̀dà kan péré lo rà o, má ṣe fótókópì fún ẹnì kankan. Èèyàn mẹ́rin fẹ́ fun orin kan, kí wá ni ẹ̀dà kan fẹ́ ṣe fún wa?

Èyí tó wá ń dá ìjà sílẹ̀ jù ni ọ̀rọ̀ clef, àmì tó ń wà níbẹ̀rẹ̀ ìlà orin tó ń sọ ohùn tí kóńkó kọ̀ọ̀kan dúró fún, treble fún ohùn òkè, bass fún ohùn ìsàlẹ̀. Ìwé tó bá wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, treble clef ni wọ́n fi ń kọ gbogbo rẹ̀, láti orí kọ̀nẹ́ẹ̀tì tó jọ trọ́ńpẹ́ẹ̀tì títí dórí túbà tó tóbi jù, àfi bass tróńbóònù nìkan tí wọ́n ń kọ tiẹ̀ sí bass clef. Ọgbọ́n wà níbẹ̀ o, kẹ́ ẹ má rò pé wọ́n ya wèrè: ẹni tó ń fun kọ̀nẹ́ẹ̀tì lónìí lè bọ́ sórí túbà lọ́la, àmì tí yóò rí kan náà ni, ìka tí yóò tẹ̀ kan náà ni, fèrè ló máa mọ ibi tí ohùn á já sí. Àwọn Salvation Army, tí báńdì tiwọn bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ Charles Fry àtàwọn ọmọ rẹ̀ nílùú Salisbury lọ́dún 1878, tí ìjọ wọn sì dé Nàìjíríà lọ́dún 1920, ọ̀nà yẹn ni wọ́n ń tọ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní tiwọn, bass clef ni wọ́n sábà máa ń kọ tróńbóònù àti túbà sí, ohùn tí píánò ń fọ̀ náà gẹ́lẹ́ ni wọ́n ń kọ sílẹ̀. Ní báńdì tiwa níbí, ọ̀kan kọ́ fèrè nínú Boys' Brigade, treble clef ló mọ̀, èkejì kọ́ tiẹ̀ ní báńdì ọlọ́pàá kó tó fẹ̀yìn tì, bass clef ló mọ̀. A gbé ìwé kan náà síwájú àwọn méjèèjì, ẹni yìí fun C, ẹnì kejì fun B flat, kálukú wọn ń wo ìwé dáadáa, kálukú wọn sì jàre. Ẹ wá fojú inú wo ìyẹn nírọ̀lẹ́ kárọ̀lù, tí Kábíyèsí jókòó síwájú pẹ̀lú àwọn olorì.

Fún ẹni tó ń fun túbà E flat tó jẹ́ pé treble clef nìkan lojú ẹ̀ mọ̀, ọ̀nà kan wà táwọn àgbà báńdì ti ń lò tipẹ́. Gbé ìwé bass clef síwájú, ṣe bíi pé treble clef lò ń wò, kó o wá fi sharp mẹ́ta, àmì tó ń gbé ohùn sókè díẹ̀, kún kíì orin náà, ìyẹn ibi tí dóò rẹ̀ wà, tó bá jẹ́ flat, àmì tó ń fa ohùn sílẹ̀ díẹ̀, ló wà níbẹ̀ yọ flat mẹ́ta kúrò. Orin tó wà ní E flat tó ní flat mẹ́ta, C ló dà níwájú rẹ yẹn, kò ní sharp kò ní flat, fun ún lọ. Ohùn tó yẹ gan-an ló máa jáde. Ibi tí sharp tàbí flat àjèjì bá ti já wọ àárín orin nìkan ni kó o ti la ojú rẹ sílẹ̀. Mo sọ èyí fún ọmọkùnrin kan ní Ìkẹ́rẹ́ tó ti fẹ́ gbé túbà jù sílẹ̀, ó ní Bùọ̀dá, kí ló dé tẹ́nì kankan ò sọ fún mi látọjọ́ yìí.

Àmọ́ ká sọ tòótọ́, ọ̀pọ̀ wa l'Èkìtì, sol-fa, dóò rè mì yẹn, la fi dàgbà. Ẹni tí kò mọ staff rárá, ìyẹn orin tí wọ́n kọ sórí ìlà márùn-ún, á ka sol-fa bó ṣe ń ka ìwé ìròyìn yín yìí. Àwọn míṣọ́nnárì ló gbé e dé, John Curwen ló sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé mọ̀, ọ̀dọ̀ obìnrin tíṣà kan nílùú Norwich tó ń jẹ́ Sarah Glover lòun náà ti rí i. Ohun tó sì jẹ́ kó wúlò fún irú àwa yìí ni pé sol-fa ò mọ clef, kò mọ B flat kò mọ E flat. Dóò ni dóò. Kí ọ̀gá báńdì kàn sọ fún kálukú pé ibi báyìí ni dóò rẹ wà lórí fèrè tìrẹ, ó tán, gbogbo ìjà clef ti parí. Bírò àti bébà tó nílà ló ń fẹ́, àmì oníkóńkó méjì láàárín ìlù kan sí èkejì, dáàṣì fún ohùn tó bá ń fà, ìlà kékeré lókè tàbí nísàlẹ̀ létí lẹ́tà fún octave, ìyẹn láti dóò kan dé dóò tó tẹ̀ lé e. Kò sí ẹ̀rọ tí a fẹ́ rà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ìwé ìròyìn lè tẹ̀ ẹ́ láìsí wàhálà kankan, lẹ́tà ABD lásán ni.

Ó wá ku ibi tá a ti máa rí ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ sílẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá báńdì, ẹ dákun ẹ fún mi létí níbí, torí ibí yìí lọ̀nà ti là fún mi. Ẹ lọ wá orin tí wọ́n kọ fún ẹgbẹ́ akọrin ọkùnrin nìkan. Tenor méjì, bass méjì, TTBB ni wọ́n máa ń kọ sí i lórí. Ibi tí ohùn ọkùnrin dé lókè àti nísàlẹ̀, tróńbóònù náà dé ibẹ̀, kò sí pé à ń gbé e sókè, kò sí pé à ń gbé e sísàlẹ̀. Ẹ fún tróńbóònù kìn-ín-ní ní tenor kìn-ín-ní, ẹ fún euphonium ní tenor kejì, ẹ fún tróńbóònù kejì ní bass kìn-ín-ní, kẹ́ ẹ wá fún túbà ní bass kejì, kí òun sì máa sọ̀ kalẹ̀ lọ sí octave ìsàlẹ̀ níbi tó bá ti wù ú, kí pákó sítéèjì lè gbọ̀n díẹ̀. Ohun kan tẹ́ ẹ máa kíyè sí ni tenor tí wọ́n bá kọ sí treble clef, tẹ́ ẹ bá rí nọ́ńbà 8 kékeré lábẹ́ clef yẹn, octave kan lohùn náà fi wà nísàlẹ̀ ohun tí ojú ń rí. Choral Public Domain Library tó ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì látọdún 1998, ọ̀fẹ́ ni, ẹ lè ní ti TTBB nìkan lẹ fẹ́ rí, kárọ̀lù á sì tò síwájú yín. IMSLP, ilé ìkówèé orin míì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, náà wà, òun bẹ̀rẹ̀ ní 2006, ti fèrè àti ti dùùrù ló pọ̀ níbẹ̀. Níbi tẹ́ ẹ bá ti dé ọ̀hún, ẹ wo ti cello, gòjé ńlá yẹn, àti ti bassoon, fèrè onígi gígùn, dáadáa, bass clef làwọn náà ń lò, ohùn tí wọ́n bá kọ náà ni wọ́n ń dún, tróńbóònù á kà á láìyí ohunkóhun padà. Ẹni tó ń tẹ orúkọ tróńbóònù nìkan sínú Google tí kò rí nǹkan, ibi tó ti ń pàdánù nìyẹn.

Tí kò bá sí ti ọkùnrin, ẹ padà sínú ìwé orin ìjọ, ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà níbẹ̀, soprano, alto, tenor, bass. Ọ̀pọ̀ èèyàn, wọ́n kàn máa ń gbé gbogbo rẹ̀ wá sí octave ìsàlẹ̀ ni. Soprano á dùn lórí tróńbóònù lóòótọ́, bass á bá túbà lára mu, àmọ́ tenor á lọ há sábẹ́ lọ́dọ̀ túbà, àwọn méjèèjì á máa kùn, o ò ní mọ̀ bóyá wọ́n ń kéde ayọ̀ ni àbí wọ́n ń sin òkú. Ohùn méjì tó bá sún mọ́ra jù nísàlẹ̀ kì í mọ́ létí. Dóò àti mì ò gbọdọ̀ jọ jókòó sísàlẹ̀ pátápátá, dóò àti sòó ṣeé fara dà, dóò àti dóò ló dáa jù. Torí náà kí soprano sọ̀ kalẹ̀, kí alto sọ̀ kalẹ̀, kí bass sọ̀ kalẹ̀, kí tenor dúró síbi tó wà. Ó lè ga ju orin fúnra rẹ̀ lọ láwọn ibì kan, ìyẹn ò burú, ẹ ní kí ẹni tó ń fun ún rọra fẹ́ ẹ, kí ẹni tó mú orin dání lé e síta.

Kíì náà ṣe pàtàkì, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń fi orin rere ṣòfò. Ẹ wo Joy to the World. Láti dóò òkè ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ń bọ́ sílẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan títí ó fi kan dóò ìsàlẹ̀, d' t l s f m r d, kò tíì kúrò ní ìlà àkọ́kọ́ tó ti lo octave kan tán. Bẹ́ ẹ bá gbé e sí B flat, dóò ìsàlẹ̀ yẹn á kó sínú ihò lọ́dọ̀ túbà. Bẹ́ ẹ bá gbé e sí E flat, ó mọ́, ó sì rọrùn fọ́wọ́: pòsíṣọ̀n, ìyẹn ibi tí wọ́n ń fa tróńbóònù dé, 3, 1, 3, 1, 3, 4, 1, 3, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ tróńbóònù á mú un nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Silent Night wá yàtọ̀ sí ìyẹn. Ti ẹ̀ jù octave lọ, dóò ìsàlẹ̀ dé fà òkè, tẹ́ ẹ bá gbé òun sí E flat, ẹni tó ń fun tróńbóònù kìn-ín-ní á pọ́n lójú tó bá dé ibi gíga yẹn, bóyá á dé ibẹ̀ bóyá kò ní dé ibẹ̀. B flat ni tirẹ̀. Ẹ má sì gbàgbé pé orin yẹn fúnra rẹ̀, ohùn ọkùnrin ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ nílùú Oberndorf ní Austria lọ́dún 1818, Joseph Mohr ló gba tenor tó tún ń ta gìtá, Franz Gruber ló gba bass. Torí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé orin ohùn tín-ín-rín ni.

Àwọn ọmọ kéékèèké á fẹ́ Jingle Bells, ẹ má bá wọn jà. Ègbè rẹ̀ ò kọjá dóò sí sòó, m m m, m m m, ẹ fún túbà ní orin náà fúngbà kan kẹ́ ẹ wo bí gbogbo ìjọ á ṣe bú sẹ́rìn-ín.

Ní ti òfin, mo mọ̀ pé lọ́yà kan á ka ìwé yìí. Òfin copyright wa tọdún 2022 sọ pé àádọ́rin ọdún lẹ́yìn tí ẹni tó kọ orin bá kú ni orin rẹ̀ tó di ti gbogbo ayé. Silent Night ti kọjá ìyẹn, Joy to the World ti kọjá ìyẹn, Jingle Bells tí Pierpont gbé jáde ní 1857 náà ti kọjá ìyẹn, ẹ lè tò wọ́n bẹ́ ẹ ṣe fẹ́, kẹ́ ẹ tẹ̀ wọ́n, kẹ́ ẹ pín wọn. Ṣùgbọ́n White Christmas, Irving Berlin tó kọ ọ́, 1989 ló kú, ó di ìparí 2059. Feliz Navidad táwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn, 1970 ló jáde, ẹni tó kọ ọ́ ṣì wà láyé. Àwọn yẹn, ẹ lọ ra tiwọn tàbí kẹ́ ẹ gbàṣẹ, kẹ́ ẹ má fi wọ́n sínú ohun tẹ́ ẹ fẹ́ tẹ̀. Ní tèmi o, àwọn tó ti di ọ̀fẹ́ yẹn tó wa ṣe ọdún, wọ́n sì dùn ju àwọn tuntun lọ.

Ẹni tó bá ní láptọ́ọ̀pù, kó lọ gba MuseScore sórí ẹ̀. Ẹ̀rọ ìkọ̀wé orin ni, ọ̀fẹ́ ni, á bá ẹ yí clef padà, á bá ẹ yí kíì padà, á sì fọhùn rẹ̀ sétí ẹ kó o tó fi da báńdì láàmú. Ibi tí wọ́n ti ń gba owó lọ́wọ́ àwọn èèyàn ni sáìtì míì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà, níbi tí wọ́n ti ń dáńlóòdù orin táwọn ẹlòmíì kọ, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìyẹn dẹ́rù bà yín, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ò gba kọ́bọ̀.

Mo mọ àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ìjọ tí wọ́n á ní kí la fẹ́ fi fèrè ìsàlẹ̀ nìkan ṣe, ẹ lọ háyà trọ́ńpẹ́ẹ̀tì wá láti Àkúrẹ́. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé lọ́jọ́ 22 oṣù Disẹ́ńbà ọdún 1974, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Harvey Phillips kó àwọn tó ń fun túbà àti euphonium jọ sí Rockefeller Center ní New York, wọ́n lé ní ọ̀ọ́dúnrún, kò sí trọ́ńpẹ́ẹ̀tì kan láàárín wọn, orin Kérésì ni wọ́n fun láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, William Bell, ló fi ń bọlá fún, ọjọ́ Kérésì ọdún 1902 ni wọ́n bí ìyẹn. Alec Wilder ló bá wọn to orin náà sí ohùn. TubaChristmas ni wọ́n ń pè é, wọ́n ṣì ń ṣe é lọ́dọọdún káàkiri Amẹ́ríkà títí dòní. Tí wọ́n bá ní ti Amẹ́ríkà nìyẹn, ó ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìjọ Moravian tó wà ní Bethlehem, ní Pennsylvania, ti ní ẹgbẹ́ tróńbóònù látọdún 1754, wọ́n fi ń gbé orin ìjọ, wọ́n sì fi ń kéde tí ọmọ ìjọ bá kú. Ẹ̀yin ará Èkìtì tẹ́ ẹ mọ bí báńdì ṣe ń ṣáájú òkú wọ̀lú, ṣé ìyẹn ṣàjèjì sí wa?

Mo tún gbọ́ ẹnì kan tó ní ohùn wa ń wúwo jù lówùúrọ̀. Ọyẹ́ ni. Irin tó bá tutù, ohùn rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀, kí kálukú fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sínú fèrè rẹ̀ fúngbà díẹ̀ kó tó tún un ṣe pẹ̀lú dùùrù, kí wọ́n sì rántí gbé pégì aṣọ dání, torí atẹ́gùn ọyẹ́ tó ń bọ̀ láti orí òkè yìí, fótókópì ò lè dúró níwájú ẹ̀.

Ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún gan-an nìyí, Ọ̀gá Olóòtú. Ẹ fún wa ní ìdajì ojú ewé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ Disẹ́ńbà títí di Kérésì, orin kan lọ́sẹ̀, ohùn mẹ́rin ní sol-fa, kẹ́ ẹ kọ kíì sí i lórí àti fèrè tí ohùn kọ̀ọ̀kan wà fún. Èmi á fi ti Joy to the World ránṣẹ́ sí yín fúnra mi, mo ti kọ ọ́ tán, mo ti gbọ́ ọ lórí fèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó dún. Kí àwọn ọ̀gá akọrin tó wà ní Ìkọ̀lé, ní Ọ̀yẹ́, ní Ẹ̀fọ̀n, ní Ìlawẹ́, ní Ọ̀tùn fi tiwọn náà ránṣẹ́. Mo mọ̀ pé wọ́n ní in. Mo mọ àgbàlagbà kan tí àpótí rẹ̀ kún fún ohun tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ látìgbà tó ti ń darí akọrin, ìwé náà ti ń pọ́n, ikán ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ etí rẹ̀, tí wọ́n bá ní kó mú un wá á ní kí wọ́n má bàa ji iṣẹ́ òun. Bàbá mi, ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ orúkọ yín sábẹ́ ẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, ta ló tún fẹ́ jí i?

Ẹ jọ̀ọ́ o, ẹ má tẹ̀ ẹ́ ní fọ́ńtì tó kéré jù, ọ̀pọ̀ nínú àwa tá à ń fun fèrè yìí ti ń lo awò. Ẹ má sì fi sẹ́yìn ojú ewé tẹ́ ẹ ti ń tẹ ìkéde òkú, torí àwọn ẹbí olóòkú máa ń gé ìyẹn pamọ́, wọ́n á sì gé bass wa mọ́ ọn.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Afuntróńbóònù kan,
Adó-Èkìtì.